Ebi ló ń lé wọn nídìí tẹ́ẹ̀sì

Ọ̀rọ̀ kan ti di orin lẹ́nu àwọn àgbà wa, láti Pobẹ̀ dé Sakẹ́tẹ́. Tí a bá ti dárúkọ ọmọ kan tó wọ dókítọ̀rà ní Calavi, tí kò sì parí rẹ̀, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni pé: "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, wọn ò ní sùúrù." Ẹlòmíì á ní ọpọlọ rẹ̀ ni kò gbé e. Àwọn kan á rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n á ní ká wo ìdílé bàbá rẹ̀ dáadáa, pé ọwọ́ ayé ló wà níbẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ ní ìpàdé ẹgbẹ́, mo ti gbọ́ ọ níbi òkú, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan tó ń jókòó fún wa ní mẹ́ẹ̀rì, tó yẹ kí wọ́n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Irọ́ ni. Irọ́ tó sì rọ̀ wá lọ́rùn ni, torí bí ẹ̀bi bá ti jẹ́ ti ọmọ náà nìkan, kò sí ẹni tí yóò bi àwa tó kù ní nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé ẹni tó bá ti gba master, ó kù kó lọ gba ìwé ọ̀mọ̀wé bí ẹni lọ gba káàdì ìdìbò. Lẹ́yìn BAC, ọdún 3 ni licence, ọdún 2 ni master. Dókítọ̀rà jẹ́ ọdún 3 lórí ìwé. Iṣẹ́ inú rẹ̀ kò dà bíi ti kíláàsì. Ìwọ fúnra rẹ lo máa wá ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì dáhùn. Ìwọ lo máa lọ sí oko, sí ọjà, sí ibi tí ìjọba kó ìwé àtijọ́ sí, láti wá ìdáhùn rẹ̀. Wàá kọ ọ́ di ìwé ńlá ní èdè Faransé, wàá wá ìwé ìròyìn onímọ̀ tí yóò gbé díẹ̀ jáde nínú rẹ̀, kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó jókòó kalẹ̀ láti bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ ní gbangba. Ọ̀pọ̀ ló ń kọjá ọdún 3 náà dáadáa. Tí o bá sì ti kọjá rẹ̀, wàá kọ̀wé tọrọ àfikún àkókò, wàá tún san owó ìforúkọsílẹ̀.

Ta ló ń bọ́ ọ ní gbogbo àsìkò yìí?

Ká ní ọmọ kan láti Igana ló fẹ́ kọ tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ lórí bí ilẹ̀ oko ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní agbègbè wa. Ẹ bá mi ṣírò. Yàrá tó háyà ní Calavi ń gba owó lóṣooṣù. Mọ́tò láti Calavi dé Kútọnú, dé Àjàṣẹ́, dé Sakẹ́tẹ́, dé Pobẹ̀. Zem láti Pobẹ̀ lọ sí Igana, sí Towé, sí Issaba, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, torí bàálé tó ní kó wá lọ́jọ́rú ti ré kọjá ibodè nígbà tó fi máa dé. Kò sì lè lọ bá àwọn àgbà lọ́wọ́ òfo, ẹ̀yin náà mọ̀. Fótókópì. Kọ̀ǹpútà tó kú láàárín iṣẹ́. Owó íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé ìròyìn onímọ̀ tó ní kó sanwó kí àwọn tó tẹ àpilẹ̀kọ rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà, títẹ tẹ́ẹ̀sì fúnra rẹ̀, ẹ̀dà fún ọ̀jọ̀gbọ́n kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó tó pa èèyàn nínú wọn. Àmọ́ wọn kì í dáwọ́ dúró, bẹ́ẹ̀ sì ni owó oṣù kò sí.

Ìjọba máa ń ran díẹ̀ nínú wọn lọ́wọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ìjọba. Àmọ́ díẹ̀ náà ni díẹ̀ ń jẹ́. Àwọn tó kù á lọ wá iṣẹ́ olùkọ́. Láti ọdún 2019 ni ìjọba ti gbé ètò àwọn AME kalẹ̀, àwọn Aspirants au métier d'enseignant. Ẹ dé CEG tó sún mọ́ yín, kí ẹ béèrè ìwé tí àwọn AME tó ń kọ́ àwọn ọmọ yín ní. Ẹ ò ní pẹ́ kan ẹni tó ní master, ẹ sì lè kan ẹni tí tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ wà nínú àpò kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ó wà níwájú pátákó. Lálẹ́, ó ń máàkì ìwé ìdánwò. Ohun tó kù fún tẹ́ẹ̀sì ni ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ṣé ẹ sì mọ ohun tí Àbámẹ́ta jẹ́ nílùú wa? Ọjọ́ òkú ni. Ẹ̀yin kan náà tó ń sọ pé kò ní sùúrù lẹ̀ ń pè é lórí fóònù lọ́jọ́ Ẹtì pé tí kò bá dé lọ́la, ìdílé máa bá a jà. Ó dé, ẹ gbé maíkì fún un torí òun ni "ọ̀mọ̀wé wa", ẹ sì ní kó san owó aṣọ ẹbí bíi ti ẹni tó ń gba owó oṣù. Lọ́jọ́ Àìkú, ó ti rẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ Ajé, ó padà sídìí pátákó.

Bí wọ́n ṣe ń kúrò nídìí ẹ̀ nìyẹn. Ẹ má rò pé ọjọ́ kan wà tí ẹnì kan jí, tó ní òun fi dókítọ̀rà sílẹ̀. Mi ò tíì rí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ọdún kan ló dé tí kò rówó forúkọ sílẹ̀, ó ní tó bá di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ dé, ìyàwó bímọ. Ọdún kejì, ìyá rẹ̀ wà ní ọsibítù. Ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ rẹ̀ kò pè é, ojú sì ń ti òun náà láti pe ọ̀gá. Ní ọjọ́ kan, ẹnì kan bi í pé, "Tẹ́ẹ̀sì yẹn ńkọ́?" ó rẹ́rìn-ín, ó yí ọ̀rọ̀ padà. Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo wa mọ̀ pé ó ti parí, àmọ́ kò sí ẹni tó sọ ọ́.

Ẹ̀yin tó ń sọ pé ọpọlọ ni, ẹ gbọ́ èyí. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí yunifásítì ti ní owó ju tiwa lọ fíìfíì, àjọ kan tó ń jẹ́ Council of Graduate Schools tọpa àwọn tó wọ dókítọ̀rà. Lẹ́yìn ọdún 10, nǹkan bíi 57 nínú 100 ló ti parí. Àwọn tó kù ńkọ́? Ṣé òmùgọ̀ ni wọ́n? Obìnrin onímọ̀ kan, Barbara Lovitts, kọ odidi ìwé lórí ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 2001. Ó fi máàkì àwọn tó kúrò wé ti àwọn tó dúró, kò sì rí ìyàtọ̀ kan gidi láàárín wọn. Ohun tó rí ni pé ibi tí wọ́n bára wọn yàtọ̀. Ẹni tó ní ọ̀gá tó ń bá a sọ̀rọ̀, tó ní ẹlẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń jókòó ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì ṣàlàyé fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ̀, ó rọrùn fún un láti dúró. Ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ lóun nìkan, ó máa ń kúrò, ó sì máa ń rò pé òun nìkan ló jẹ̀bi. Tí èyí bá rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí wọ́n ń fún lówó oṣù láti kàwé, kí ni ká ti sọ ti ọmọ Igana tó ń gun zem?

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá yìí gba pé kí n dúró sí i díẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, mi ò sì sọ pé gbogbo wọn ni. Ní orílẹ̀-èdè tiwa, àwọn tó ti dé ipò maître de conférences tàbí professeur titulaire ló lè darí tẹ́ẹ̀sì, wọn kò sì pọ̀. Àwọn fúnra wọn ń sáré tiwọn níwájú CAMES, àjọ tó wà ní Ouagadougou, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1968, òun ló ń gbé olùkọ́ yunifásítì láti ipò kan sí òmíì. Àpilẹ̀kọ tí wọ́n bá tẹ̀ jáde wà lára ohun pàtàkì tí CAMES ń kà. Báwo ni orí kejì tẹ́ẹ̀sì ọmọ kan kò ṣe ní sùn lórí tábìlì fún oṣù mẹ́fà?

Àmọ́ àwa náà ní ọwọ́ nínú èyí. Ta ni nínú àwọn ọmọ wa tó lè lọ kan ilẹ̀kùn àgbà lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé, "Bàbá, ẹ ò tíì ka iṣẹ́ mi"? A ti kọ́ ọ nílé pé àgbà kì í jayé lólè, pé ẹni tó bá ń yọ àgbà lẹ́nu kò ní ẹ̀kọ́. Ó wá dé ibi tó ti sanwó, tó ti ní ẹ̀tọ́ sí ìdáhùn, ó kúnlẹ̀, ó dákẹ́, ó ń dúró. Ọmọ tí a bá kọ́ ní ọ̀wọ̀ láìkọ́ ọ bí a ṣe ń béèrè ẹ̀tọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, a ti dè é lọ́wọ́. Ohun tó yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ dókítọ̀rà kọ̀ọ̀kan ṣe kò le: kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ọ̀gá àti ọmọ jọ fọwọ́ sí i, pé iṣẹ́ tí ọmọ bá kó wá, iye ọ̀sẹ̀ báyìí ni ìdáhùn fi gbọ́dọ̀ dé. Kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri lọ́dọọdún: iye tó wọlé, iye tó gba ìwé, iye tó lọ.

Ti àwọn obìnrin tún burú jù. Ọkùnrin tó wà nídìí tẹ́ẹ̀sì lọ́mọ ọdún 30, ẹ̀ ń bi í pé ìgbà wo ló máa parí. Obìnrin tó wà níbẹ̀, ẹ̀ ń bi í pé ta ló máa fẹ́ ẹ. Ó lọ́kọ, ẹ ní ọmọ dà. Ó bímọ, ẹ ní ṣé ìwé lọmọ náà máa mu ni. Mo ti gbọ́ tí ìyá ọkọ kan ń sọ nínú ọjà pé ìyàwó ọmọ òun ń kàwé bíi pé olè ló ń jà. Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ẹ̀sì kò sọ fún un pé kó má se ọbẹ̀. Ẹnì kan tó lè bá a gbé ọmọ fún wákàtí mẹ́ta lọ́sàn-án ló ń wá.

Ẹlòmíì á ní, kí ló dé tí wọn ò gba ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí wa lọ sí Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀? Ó dára. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ibodè pa, wọn ò ṣí i títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Láàárín ìyẹn náà, láti oṣù kẹta sí oṣù kejìlá ọdún 2020, àwọn olùkọ́ yunifásítì wọn, ASUU, wà lórí ìyanṣẹ́lódì. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ òmíì ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022, ó di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá kí wọ́n tó dá a dúró. Ẹ ka oṣù ibẹ̀ fúnra yín. Mi ò bá àwọn olùkọ́ náà jà, wọ́n ní ìdí tiwọn. Àmọ́ ọmọ Sakẹ́tẹ́ tó kọjá lọ sọ́hùn-ún láti sá fún ebi, ebi náà ló lọ bá, ó kàn yí èdè padà ni.

Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni pé nílùú wa níbí, a mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ sùúrù. Ọdún 1922 ni wọ́n dá ibi ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobẹ̀. Òun ló di Centre de Recherches Agricoles Plantes Pérennes lónìí, lábẹ́ INRAB. Bàbá àwọn kan nínú wa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀pẹ kan dára, wọ́n á fi òdòdó akọ ti ọ̀kan sí abo ti èkejì, wọ́n á gbin èso rẹ̀, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ nínú àpò títí yóò fi tó gbé lọ sóko, wọ́n á dúró bíi ọdún 3 tàbí 4 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so, wọ́n á sì tún máa wọn ìdì ẹyìn rẹ̀ lọ́dọọdún kí wọ́n tó sọ pé ó dára tàbí kò dára. Ó lè ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ní gbogbo ọdún yẹn, ẹni tó ń roko ìdí rẹ̀ ń gba owó oṣù, ẹni tó ń kọ nǹkan sílẹ̀ ń gba owó oṣù, ẹni tó ń ṣọ́nà ń gba owó oṣù. Bẹ́ẹ̀ ni irúgbìn ọ̀pẹ Pobẹ̀ ṣe jáde kúrò ní Benin lọ sí oko àwọn ẹlòmíràn. Kò sí ẹni tó dúró nídìí ọ̀pẹ ọlọ́dún méjì, tó ní ọ̀pẹ yìí ò ní sùúrù.

Tí ọ̀rọ̀ bá wá kan ọmọ ènìyàn, a ní kó fi omi mu gààrí, kó máa wádìí.

Àwọn aláṣẹ mọ̀. Ní Khartoum, ní 2006, àwọn ìjọba Áfríkà fẹnu kò pé nínú 100 owó tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan bá ń pa wọlé, 1 yóò lọ sídìí ìwádìí ìmọ̀. Ẹ bi aṣòfin yín léèrè ibi tí 1 tiwa wà, nígbà tó bá wá dìbò. Ibi tí owó bá sì ti wọlé, a máa ń rí i. Ní Dangbo, tí kò jìnnà sí wa, ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìṣirò IMSP wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988. Ní Calavi, WASCAL tí Jámánì ń náwó sí ń kọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé lórí omi àti ojú ọjọ́ tó ń yí padà. Ọmọ tó bá rí àyè níbẹ̀ pẹ̀lú owó ìrànwọ́ ní tábìlì, ó ní íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní ẹlẹgbẹ́, ó mọ ohun tó máa jẹ lálẹ́. Ọmọ ìyá kan náà lè bí ẹni tó wà níbẹ̀ àti ẹni tó ń máàkì ìwé ìdánwò lálẹ́. Ẹ má wá sọ fún mi pé ọpọlọ ló yà wọ́n.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń rò. Wọ́n ní kí ni a fẹ́ fi ọ̀mọ̀wé púpọ̀ ṣe, nígbà tí èyí tó ti parí kò ríṣẹ́? Ọ̀rọ̀ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni, yunifásítì kì í gba gbogbo wọn. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ni kò sí, ẹ sọ ọ́ fún ọmọ náà kó tó wọlé, ẹ má jẹ́ kó lo ọdún mẹ́fà kí ẹ tó wá pè é ní ọ̀lẹ. Ṣé ìwádìí ni kò wúlò fún wa ni? UNA gbé ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wá sí Sakẹ́tẹ́, lórí bí a ṣe ń tọ́jú ohun ọ̀gbìn àti bí a ṣe ń sọ ọ́ di ohun tí a lè tà. Ibi ìwádìí ọ̀pẹ wà ní Pobẹ̀. Àwọn ìyá wa ń fọ́ ẹyìn, wọ́n ń yan gààrí, wọ́n ń pàdánù tòmátì lọ́dọọdún. Iṣẹ́ tí tẹ́ẹ̀sì lè ṣe pọ̀ láàárín ìlú méjèèjì, kò tó wákàtí kan lórí ọ̀nà.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa gbé kalẹ̀ nìyí, kò sì sí èyí tó kọjá agbára wa. Kí mẹ́ẹ̀rì Pobẹ̀ àti ti Sakẹ́tẹ́ kọ ọ́ sínú ìṣirò owó ìlú pé lọ́dọọdún, tẹ́ẹ̀sì kan ní kómúùnù kọ̀ọ̀kan, tó bá jẹ́ lórí ọ̀rọ̀ agbègbè wa, ìlú ni yóò san owó ọkọ̀ àti owó títẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n fún wọn ní yàrá kan tó ní iná àti íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹnikẹ́ni kò ní fi ṣe ibi ìkó-àga-sí. Kí àwọn ọmọ wa tó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, tí wọ́n wà ní Kútọnú àti Àjàṣẹ́ àti òkè òkun, máa ka iṣẹ́ ẹni kan ẹnì kan, lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Èyí kò gba sẹ́fà kan. Àwọn tí mò ń wí mọ ara wọn, mo sì ń dúró de ìpè wọn.

Ọjọ́ tí ọmọ kan bá sì wá gba oyè náà, gbogbo wa la máa ń wá. A máa ń wọ aṣọ kan náà, a máa ń jẹ, a máa ń mu, a máa ń ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀, òun ló sì máa ń jẹ gbèsè àsè náà. Ẹni tó ti lo gbogbo ohun tó ní láti dé ibẹ̀, àwa la tún bá a jẹ èyí tó kù. Mo ti rí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti parí pátápátá, tó ń sún ọjọ́ náà síwájú torí pé kò tíì rí owó tó máa fi gbà wá lálejò. Ẹ jẹ́ ká pa àsè yẹn rẹ́. Tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ ṣe àjọyọ̀, kí ẹgbẹ́ sanwó rẹ̀.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, mo fẹ́ kí akápò wa dìde, kó ka iye tí ẹgbẹ́ ná sórí òkú lọ́dún tó kọjá, kó sì ka iye tó ná sórí ẹni tó ń kọ tẹ́ẹ̀sì. Kó kà á sókè, kí àwọn tó jókòó lẹ́yìn lè gbọ́.